Lẹ́tà Ẹ̀sùn sí Ilé Iṣẹ́ Kọfí Kan: Ẹni Tó Fẹsẹ̀ Wọlé Náà Sanwó

Houston, Texas.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Rí sí Ọ̀rọ̀ Oníbàárà.

Ẹ̀yin Alàgbà,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ BÍ Ẹ ṢE Ń FI ẸNI TÓ DÚRÓ NÍWÁJÚ KÁŃTÀ SẸ́YÌN, ÀTI LÓRÍ ÈSÌ TÍ MO GBÀ NÍGBÀ TÍ MO FẸJỌ́ SÙN

Mo kí yín. N kò ní tún ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín tó wà nítòsí ọgbà àwọn ilé ìwòsàn Texas Medical Center rò látìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹni tó gbé fóònù lọ́dọ̀ yín ló sọ pé òun ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń rán mi létí pé wọ́n ń gba ohùn mi sílẹ̀ kí iṣẹ́ wọn lè dára sí i. Bí àkọsílẹ̀ náà bá wà lóòótọ́, ẹ ó bá a níbẹ̀. Bí kò bá sí, a jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n ti ń pa fún mi, kí ẹ jọ̀wọ́ fi ìyẹn náà kún ẹ̀sùn mi. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí pé ẹ kọ ọ́ síta fúnra yín pé oníbàárà lè kọ̀wé sí yín ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nínú gbogbo ìlérí yín, èyí nìkan ni n kò tíì dán wò.

Ní ṣókí, mo sanwó, mo gba rìsíìtì, mo dúró. Bí mo ṣe dúró, ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ sítíkà ife kò sinmi, orúkọ àwọn tó ti fi áàpù orí fóònù ra kọfí láti ilé ló ń pọ̀ jáde, àwọn òṣìṣẹ́ yín sì ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ife lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọlé lẹ́yìn mi pátápátá mú tirẹ̀ lórí tábìlì àwọn aláàpù, ó sì jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Àwọn ife mìíràn wà lórí tábìlì yẹn tí yìnyín inú wọn ti yọ́, tí omi ti yí ìdí wọn ká, tí àwọn tó ni wọ́n kò sì tíì yọjú. Ẹ ti po kọfí fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ títí tó fi bàjẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀ kò sì tíì rí tirẹ̀ gbà.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, n kì bá tí kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè ní kí n gba orí áàpù fẹjọ́ sùn, èmi tó jẹ́ pé nítorí pé n kò fẹ́ lo áàpù ni mo ṣe ń pè. Ẹ̀rọ tó ń dáhùn bí ènìyàn lórí ìkànnì yín ní kí n pe fóònù, fóònù ní kí n lọ rí máníjà ṣọ́ọ̀bù, máníjà sì ní ẹ̀ka tiyín ló ni ọ̀rọ̀ náà. Lágbájá rán mi sí Tàmẹ̀dù, Tàmẹ̀dù ní Làkásègbè ló mọ̀ ọ́n, Làkásègbè sì dá mi padà sọ́dọ̀ Lágbájá.

Nígbà náà ni mo bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ yín kan tó jẹ́ pé, bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, ọmọ tí mo lè bí ni. Ó ní kí n máa ṣe sùúrù, pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ níbi tí wọ́n ń lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí. Iṣẹ́ òru ni mo ti jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi náà sì níbi tí mò ń lọ, orí ibùsùn mi ni. Ó tún ní bí n kò bá fẹ́ áàpù, kí n kúkú lọ sójú fèrèsé drive-through, níbi tí ẹ ti ń tà fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Mo ní ọkọ̀ ojú irin Red Line ni mo wọ̀ wá, pé ẹ kì í sì í ta fún ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lójú fèrèsé náà, nítorí ewu ọkọ̀. Òfin tó dára ni, n kò bá yín jà lórí rẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ yín mọ̀ ọ́n kí ó tó máa rán ènìyàn lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi mí sórí orin. Orin náà dùn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn; nígbà tó parí, ìpè náà já.

Ẹ̀yìn èyí ni ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá wọn bá mi sọ̀rọ̀. Ó fi ohùn tútù bẹ̀ mí, ó ní owó mi yóò padà sínú káàdì mi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5 sí 7, pé ọ̀gá agbègbè yóò sì pè mí. Ọ̀gá agbègbè kò pè, owó kò wọlé. Ohun tó wọlé ni kúpọ́ọ̀nù kọfí ọ̀fẹ́ kan, tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kò ṣeé lò àfi lórí áàpù. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ọmọ tó ń po kọfí ló jẹ̀bi. Aago kan wà tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kúrò lójú fèrèsé, òun ni a sì fi ń bi máníjà léèrè iṣẹ́. Áàpù ti dá àkókò fún ẹni tó ránṣẹ́. Kò sí aago tó ń ka tèmi, nítorí náà kò sí ẹni tí wọn yóò bá wí bí mo bá dúró títí di ọ̀sán. Kí ẹ má sì sọ pé kò sí ohun tí ẹ lè ṣe. Starbucks, ilé iṣẹ́ kọfí ńlá nì, tó ti ń jẹ́ kí oníbàárà fi áàpù ra kọfí sílẹ̀ láti ọdún 2014, kó sínú wàhálà yìí kan náà; Brian Niccol, tó di ọ̀gá àgbà wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, sọ ọ́ ní gbangba pé òun fẹ́ kí kọfí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù jáde láàárín ìṣẹ́jú 4, wọ́n sì ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà láti to èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ pò.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ dá owó mi padà sínú káàdì tí mo fi sanwó, kí ẹnìkan tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ tẹ́tí sí ohùn òṣìṣẹ́ tó fi mí rẹ́rìn-ín, kí ó sì kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo sì fẹ́ mọ̀, lórí ìwé, iye ìṣẹ́jú tí ẹ dá fún ẹni tó sanwó níwájú kántà. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá lẹ́yìn tí lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ yín tí n kò gbọ́ nǹkan kan, n ó ní kí báńkì mi gba owó náà padà, n ó fi ẹ̀sùn yìí ránṣẹ́ sí Better Business Bureau, àjọ tó ń gba ẹ̀sùn oníbàárà, àwa òṣìṣẹ́ òru tí a ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín láràárọ̀ yóò sì mọ ibòmíràn tí a ti lè ra kọfí.

Ẹ jọ̀wọ́, n kò fẹ́ kúpọ́ọ̀nù mọ́. Bí ẹ bá tún fi ọ̀kan ránṣẹ́, n ó fi kún àwọn ẹ̀rí tí mò ń kó jọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín.