Òrùlé Afárá, Igi Ni Wọ́n Ṣe É Fún

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Afárá olórùlé tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń lọ wò ní ìpínlẹ̀ Vermont àti New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe bí àwọn tó máa ń ya fọ́tò ẹnu rẹ̀ tán tí wọ́n á ṣíná sí ọkọ̀. Inú ni iṣẹ́ wà. Òrùlé yẹn kì í ṣe torí èrò ọ̀nà, torí igi ni. Igi afárá tí òjò ń pa kì í sábà lò ju ogún ọdún lọ kó tó jẹrà. Èyí tí wọ́n bò á lo ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀. Láyé ijọ́un, wọ́n tiẹ̀ máa ń bu yìnyín sínú afárá nígbà òtútù, kí ọkọ̀ aláìnítáyà tí ẹṣin ń fà lè ráyè kọjá.

Afárá Cornish–Windsor lórí Odò Connecticut, láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. James Tasker àti Bela Fletcher ló kọ́ ọ lọ́dún 1866. Ó gùn tó nǹkan bí 450 ẹsẹ̀ bàtà, òpó kan ṣoṣo ló sì wà láàárín omi. Ìkún omi ti gbé afárá mẹ́ta lọ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ ka pátákó ẹnu rẹ̀: ẹlẹ́ṣin tí kò bá jẹ́ kí ẹṣin rọra rìn yóò san dọ́là 2. Eré ẹṣin ló máa ń mi afárá jìgìjìgì.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ sí afárá Blacksmith Shop ní Cornish, iṣẹ́ Tasker kan náà, ọdún 1881. Ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń gbà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ibi tí ẹsẹ̀ òpó igi ara ògiri ti pàdé ìtì igi ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjẹrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí òrùlé tó jò, tàbí eruku àti ewé tó kóra jọ tó ń fa omi mọ́ra. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Inú afárá ṣú, ọ̀sán gangan pàápàá.

Ẹ yọ àpótí ẹrù kúrò lórí ọkọ̀, kí ẹ sì mọ bí ọkọ̀ yín ṣe ga tó. Google Maps kò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n yá ló sábà máa ń gbá òrùlé wó, torí awakọ̀ rẹ̀ kò mọ bó ṣe ga tó. Tọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ 2,000 pọ́ùn. Ẹ kíyè sí iye tọ́ọ̀nù tí afárá lè gbà, tí wọ́n kọ sára pátákó. Ẹ tan iná ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé; bí ọ̀nà ò bá gba ọkọ̀ méjì, kí ẹni tó ti wà nínú afárá kọ́kọ́ jáde.

Ẹ má lọ ní oṣù kẹrin: yìnyín á máa yọ́, ọ̀nà eléèpẹ̀ á di ẹrẹ̀. Ìparí oṣù kẹsàn-án sí àárín oṣù kẹwàá ló dára jù. Ẹ sì gba máàpù sílẹ̀ sínú fóònù ṣáájú.

Fi fọ́tò ẹsẹ̀ òpó ránṣẹ́ sí mi. Ti ẹnu ọ̀nà ti pọ̀ jù.

Bàbá rẹ