Àkànní, Ìwé Ilé Bàbá Rẹ Kò Ní Lọ sí Bánkì

Àkànní ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìrọ́jú. Ọmọ àbúrò rẹ ti ka gbogbo ohun tí o kọ ránṣẹ́ fún mi, títí kan fọ́tò ìwé tí bánkì fún ọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí o béèrè gan-an, kí o má baà máa retí: n kò ní fún ọ ní ìwé ilé bàbá rẹ tó wà ní Ṣágámù yìí kí o fi gba lọ́ọ̀nù tuntun. Kì í ṣe pé mo láhun sí ọ. Ilé ẹbí ni. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ni ín pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyálé mi, olórí ẹbí sì wà láàyè. Ẹnì kan kò lè fi ilé ẹbí dúró ní bánkì láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Lọ́yà tó bá sọ fún ọ pé kò sí wàhálà níbẹ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wá.

Ó tán síbẹ̀. Ká wá sọ ti ilé rẹ ní Ìjagun, èyí tí o jẹ bánkì lówó lé lórí, tí owó oṣooṣù rẹ̀ ti wúwo jù fún ọ láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ yín ti gé owó oṣù yín.

O ní bánkì kejì ṣe tán láti san gbèsè ti àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, kí o wá máa san tiwọn fún ọdún 20 dípò ọdún 10 tó kù, àti pé owó oṣooṣù yóò fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, mo ti ṣe akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa olóbì ní Sábó pẹ́ débi pé n kò lè gba owó gbọ́ láìkà á. Mo ní kí ọmọ náà bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

O jẹ ₦10,000,000. Èlé ìdá 27 nínú 100 lọ́dún, ìyẹn ni pé èlé oṣù àkọ́kọ́ nìkan jẹ́ ₦225,000, o kò tíì fọwọ́ kan ojú owó. Bí o bá ń san án fún ọdún 10, ó máa tó nǹkan bí ₦241,700 lóṣù. Bí o bá fà á dé ọdún 20 lórí èlé kan náà, ó di nǹkan bí ₦226,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò pé ₦16,000! Wá wo àpapọ̀ rẹ̀: ọdún 10 yóò gba bíi mílíọ̀nù 29 lọ́wọ́ rẹ, ọdún 20 yóò gba mílíọ̀nù 54. Àkànní, mílíọ̀nù 25 ni wọ́n fẹ́ bù lé ọ lórí nítorí ìtura oṣooṣù tí kò lè ra àpò ìrẹsì kan. Nígbà tí èlé bá ga tó báyìí, fífa ọdún gùn kò ṣe nǹkan kan fún onígbèsè, èlé ló ń jẹ gbogbo owó tó bá san.

Ṣùgbọ́n ká ní èlé ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, láti 27 sí 18 tó wà nígbà tí o bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò fọwọ́ kan ọdún 10 náà, owó oṣù yóò já sí nǹkan bí ₦180,000. Ibẹ̀ ni ìtura wà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ bá ọ yí lọ́ọ̀nù padà, iye èlé ni kí o kọ́kọ́ bi í, kí o tún bi í bóyá èlé náà dúró sójú kan tàbí ó ń tẹ̀ lé ti CBN, bánkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa. N kò rí ìdáhùn ìbéèrè kejì yìí nínú gbogbo ohun tí bánkì kejì kọ fún ọ. Òye ni mo fi ń mọ̀ pé wọn kò fẹ́ kí o béèrè.

Èyí tí o ń san lọ́wọ́lọ́wọ́ ń tẹ̀ lé CBN, ohun tó sọ ọ́ di báyìí náà nìyẹn. Nígbà tí o gbà á ní 2021, èlé CBN jẹ́ ìdá 11.5. Láti oṣù Karùn-ún 2022 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, wọ́n gbé e, wọ́n gbé e, títí ó fi dé 27.5 ní oṣù Kọkànlá 2024. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025 wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí 27. Nígbà tó ń gòkè, bánkì rẹ kò gbàgbé láti kọ̀wé sí ọ rí. Nígbà tó wá sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Kọ ìwé sí wọn pé o fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọn yóò dín tìrẹ náà kù. Ẹni tí kò bá béèrè, wọn kì í pè é.

Àwọn owó mìíràn tún wà tí o kò kà mọ́ ọn. Bí o bá kúrò ní bánkì kan bọ́ sí òmíràn, o máa san owó lọ́yà, owó ẹni tó ń díye lé ilé, owó ìwé tí bánkì àkọ́kọ́ fi máa tú ilé sílẹ̀, àti owó òǹtẹ̀. O tún máa padà sí Abẹ́òkúta lọ gba ìyọ̀ǹda gómìnà, torí Òfin Ilẹ̀ ti 1978 kò gbà kí wọ́n fi ilẹ̀ tó ní C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ ti ìjọba, dúró láìsí i. Bánkì kejì ní àwọn máa yọ gbogbo rẹ̀ lára lọ́ọ̀nù kí o má baà rí i. O máa rí i o, pẹ̀lú èlé lórí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Lọ bá bánkì tí o jẹ lówó ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí oṣù kankan tó fò ọ́. Ẹni tó wá sọ pé òun kò ní lè san, tó sì ń san lọ́wọ́, wọ́n á fi àga fún un. Ẹni tó ti jẹ oṣù mẹ́ta, lẹ́tà lọ́yà ni wọn á fi pàdé rẹ̀. Mú lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ yín fi gé owó oṣù yín dání, mú ìwé àkáǹtì rẹ, kọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde sínú ìwé kan, kí o sì sọ iye tí agbára rẹ ká ní pàtó. Má sọ pé "ẹ ràn mí lọ́wọ́". Sọ pé "₦150,000 ni mo lè san lóṣù fún ọdún kan, ẹ dín èlé kù kí ó lè ṣeé ṣe". Máníjà ní ọ̀gá tó máa fi í hàn, iye owó sì ni ọ̀gá ń wò.

Wọ́n lè ní kí o sinmi oṣù mẹ́fà láìsan nǹkan kan. Má tètè dúpẹ́. Èlé kì í sinmi. Bí wọ́n bá ń da èlé oṣooṣù pọ̀ mọ́ ojú owó, mílíọ̀nù 10 yóò ti di nǹkan bí 11.43 kí oṣù mẹ́fà tó pé. Bí o bá lè san èlé nìkan láàárín ìgbà náà, ó sàn jù. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹnu kò lé, ìwé ni kí o gbà. Ẹni tó ṣèlérí fún ọ lónìí, wọ́n lè gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn lọ́la.

Wọ́n ń yọ ìdá 2.5 nínú 100 fún NHF, àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, lára owó oṣù rẹ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Lọ́ọ̀nù wọn kì í ju èlé ìdá 7 lọ. Ilé tó ti wà lábẹ́ bánkì mìíràn lè má rọrùn fún wọn láti gbà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò ná ọ ju owó ọkọ̀ lọ. Ní ti ọ̀gbẹ́ni tó ní òun lè bá ọ gba owó ní NMRC, ilé iṣẹ́ tó ń fi owó ti lọ́ọ̀nù ilé àwọn bánkì lẹ́yìn, sá fún un. Àwọn bánkì ni ilé iṣẹ́ yẹn ń bá dòwò pọ̀, wọn kì í yá èmi tàbí ìwọ. Àwọn lọ́ọ̀nù orí fóònù, sogúndogójì ni gbogbo wọn, n kò ní fi tádàwà ṣòfò lé wọn lórí.

Má sì ronú pé o lè gbé owó oṣù lọ sí bánkì mìíràn kí àwọn wọ̀nyí má rí i. Láti 2020 ni CBN ti gbé ètò GSI kalẹ̀: bí o bá ti fọwọ́ sí i nígbà tí o gba lọ́ọ̀nù, wọ́n lè yọ owó wọn nínú àkáǹtì yòówù tó bá wà lábẹ́ BVN rẹ.

Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé yẹn, kí ló ń ṣe? Ìlẹ̀kùn àti jẹnẹrétọ̀ tó ti bàjẹ́ ni mo rí níbẹ̀ nígbà tí mo wá. Àwọn ọmọ yunifásítì Tai Solarin ń wá yàrá káàkiri Ìjagun. Kun ún, kí o gbà á lọ́wọ́ ẹrù.

Aṣọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé régbérégbé yín ti mú aṣọ òkè tí ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, pé fìlà àti bàtà rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Mo fẹ́ràn Ojúde Ọba, mo fẹ́ràn kí n rí ọmọ mi láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ara mi a máa ya gágá. Àmọ́ lọ́dún yìí, sọ fún akọ̀wé yín pé aṣọ èṣí lo máa wọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú pọ̀ tó ń fi gbèsè jó lọ́jọ́ Ojúde Ọba, wọn kì í kọ ọ́ sára agbádá ni.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí, tí owó oṣù ilé náà ṣì ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń wọlé fún ìwọ àti ìyàwó rẹ lọ, ta ilé náà. Mo mọ̀ pé o ti fo gbólóhùn yẹn, padà sẹ́yìn kí o tún un kà. Ìwé tí o fọwọ́ sí ti fún bánkì lágbára láti tà á bí o kò bá san mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún ọ. Owó tiwọn ni wọ́n máa wá níbẹ̀, kì í ṣe tìrẹ. Kóòtù kì í sì í fagi lé irú títà bẹ́ẹ̀ kìkì nítorí pé iye rẹ̀ kéré, àyàfi bí màgòmágó bá wà nínú rẹ̀. Bí ìwọ bá tà á fúnra rẹ, pẹ̀lú ìmọ̀ bánkì, o lè fara balẹ̀ wá ẹni tó máa san ojúlówó. Olùrà á san ti bánkì fún wọn, wọ́n á tú ìwé sílẹ̀, ìyókù á bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Bí ilé bá pa mílíọ̀nù 35, tí o sì jẹ 10, èyí tó kù á ra ilẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ ilé kékeré kan ní ìhà ibí yìí.

Wọ́n á sọ̀rọ̀. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde á ní ọmọ ará Rẹ́mọ kọ́lé, kò lè gbé e. Jẹ́ kí wọ́n wí. Àwọn kan náà ló máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ bí bánkì bá lẹ ìwé mọ́ ògiri.

Ohun tí èmi lè ṣe ni pé ₦450,000 wà fún mi nínú ẹgbẹ́. Tìrẹ ni, kì í ṣe yíyá. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ránṣẹ́ títí n ó fi rí ìwé tí bánkì fi dín èlé kù tàbí tí wọ́n fi tún àdéhùn ṣe. Àwọn ọmọ lè wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, kí oúnjẹ ilé yín fúyẹ́ díẹ̀.

O ní kí n má sọ fún ìyàwó mi. N kò tíì sọ, ìwọ ni wàá sọ ọ́, kí Sátidé tó dé. Orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilé náà, owó oṣù rẹ̀ sì lẹ fi ń jẹun. Ẹ jọ máa bọ̀ ní Sátidé. Ọ́fà lẹ́tà àkọ́kọ́, ìwé tí bánkì fi gbà láti yá ọ lówó, ni kí ẹ mú wá, ti 2021, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Mo fẹ́ wo ojú ewé tí wọ́n kọ iye tí wọ́n ń gbà sí bí ènìyàn bá san gbèsè tán ṣáájú ọjọ́. Ìyàwó mi ni kí ó gbé fáìlì náà dání.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ní Ṣágámù.