Àtúnfihàn Eré: Kí Ló Dé Tí Apá Kẹtàlá Fi Ń Ṣáájú Apá Kejì?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jẹ mọ́ àtúnfihàn eré àtìgbàdégbà lórí amóhùnmáwòrán, ní pàtàkì bí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́ kì í fi í tẹ̀ lé ètò tí àwọn tó ṣe eré náà fi tò ó. Lónìí, a ó rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan níbi ìgbéyàwó wọn. Lọ́la, àwọn méjèèjì yìí kan náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ara wọn ní orúkọ. Ẹni tí wọ́n sin ní ọjọ́ Ajé á jókòó sídìí tábìlì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara rẹ̀ á sì le koko. Láìpẹ́ yìí, mo ń wo ìtàn alápá méjì kan lórí ìkànnì kan, ṣùgbọ́n apá kejì ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni apá kìíní tó dé. Mo ti mọ ọ̀daràn kí n tó mọ ọ̀ràn tó dá, gbogbo ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé eré náà sì fi pa àṣírí mọ́ ti di asán.

Inú bí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ń fà á. Mo ti rò pé àìbìkítà lásán ni. Àìbìkítà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí àwa òǹwòran mọ̀ ọ́n kí a tó máa béèrè fún àtúnṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀ àtúnfihàn gan-an ti sọ púpọ̀ fún wa. Ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ ètò sórí afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti parí, ó parí náà nìyẹn. I Love Lucy, eré apanilẹ́rìn-ín tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1951, wà lára àwọn eré tí wọ́n yà sórí fíìmù, èyí tó mú kí ó ṣeé pa mọ́. Nígbà tí Lucille Ball, ẹni tó jẹ́ òpó eré náà, lóyún ní 1952, tí iṣẹ́ sì ní láti dín kù fún un, wọ́n kó àwọn apá àtijọ́ jáde láti fi dí àlàfo, àwọn ènìyàn sì jókòó wò ó. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ojú ohun ìdíhò wo àtúnfihàn. Ẹni tó bá sì ń wá ohun tí yóò fi dí ihò kì í béèrè èyí tó yẹ kó ṣáájú. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà ni yóò mú.

Lẹ́yìn náà ni òwò àtúnfihàn wá gbilẹ̀. Àwọn tó ni eré ń tà á fún ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìlú kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀dà fíìmù gbówó lórí, kò sì tó láti fún oníkálukú ní odindi eré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ńṣe ni fíìmù ń rìnrìn àjò: bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn tán, á dì í, á sì fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó kàn. Ilé-iṣẹ́ tí apá kẹwàá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè sọ pé òun ń dúró de apá kẹta tó ṣì wà lójú ọ̀nà, nítorí pé àkókò ètò ti tó, àwọn tó sanwó ìpolówó ọjà sì ń retí. N kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ìyẹn.

Ohun mìíràn tó ń da nǹkan rú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí, ni pé eré kan ṣoṣo lè ní ètò méjì: ètò bí wọ́n ṣe yà á, àti ètò bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́. Ẹ wo Star Trek, eré Amẹ́ríkà nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìnrìn àjò láàárín àwọn ìràwọ̀. Apá tí wọ́n pè ní “Where No Man Has Gone Before” ló mú kí ilé-iṣẹ́ NBC gba eré náà wọlé. 1965 ni wọ́n yà á, ṣùgbọ́n ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966 ni ó tó jáde, ó sì jáde gẹ́gẹ́ bí apá kẹta. “The Man Trap” ló ṣáájú, ní ọjọ́ 8 oṣù náà. Òǹwòran ti mọ Dókítà McCoy nínú “The Man Trap”. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà mìíràn ló bá nínú ọkọ̀ òfuurufú náà, aṣọ iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀, láìsí àlàyé kankan. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá fẹ́ tún eré yìí fi hàn, ètò wo ni kí ó tẹ̀ lé? Bí ó bá tẹ̀ lé nọ́ńbà ìgbà tí wọ́n yà á, àwọn tó ti wò ó rí á ní ó ti dà á rú. Bí ó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde, ohun tó ti rú tẹ́lẹ̀ ni yóò tún gbé jáde ní rírú.

Nígbà mìíràn pàápàá, ẹni tó kọ́kọ́ gbé eré náà sáfẹ́fẹ́ ló ti fọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Fox ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ eré Firefly ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 pẹ̀lú “The Train Job”, tí wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí apá kejì. “Serenity”, apá kìíní gan-an, níbi tí a ti ń mọ ẹni tí àwọn ènìyàn inú ìtàn náà jẹ́ àti bí wọ́n ṣe di ará ọkọ̀ kan náà, kò jáde títí di ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, nígbà tí eré náà ti ń kógbá sílé. Apá 14 ni wọ́n ṣe. 11 péré ni Fox fi hàn. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Àwọn kan fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ilé láti ìpìlẹ̀, a wá ní kí àlejò gba orí òrùlé wọlé.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò eré ní Amẹ́ríkà ti ń fojú sí apá 100 gẹ́gẹ́ bí iye tó mú kí eré yá fún títà, nítorí pé bí a bá ń fi ọ̀kan hàn lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, á gba ọ̀sẹ̀ 20 kí ó tó yípo padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé àdéhùn sábà máa ń sọ iye ìgbà tí a lè fi apá kọ̀ọ̀kan hàn àti ọdún tí ẹ̀tọ́ náà yóò tán. Bí sáà tuntun, ìyẹn ìdìpọ̀ apá mìíràn nínú eré náà, bá wọ inú àdéhùn, ilé-iṣẹ́ lè gbé e síwájú lójú ẹsẹ̀, bí sáà tí wọ́n ń fi hàn lọ́wọ́ kò tilẹ̀ tíì dé ìdajì. Àwọn mìíràn ń fi eré kan náà hàn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tí ti ìrọ̀lẹ́ wà ní sáà kìíní, tí ti òru sì wà ní sáà kẹfà.

Mo gbà pé àwọn ìdí kan tọ́. Oṣù Kejìlá ni ó yẹ kí a wo apá tó dá lórí Kérésìmesì. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, tó wó àwọn ilé gogoro World Trade Center ní New York, wọ́n yọ apá kan nínú eré àwòrán The Simpsons kúrò nínú àtúnfihàn, nítorí pé ẹsẹ̀ àwọn ilé gogoro náà ni púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ ti wáyé. Kò sí aláàánú ènìyàn tí yóò bá wọn jà lórí ìyẹn.

Ó sì yẹ kí n sọ òtítọ́ nípa eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ lọ́nà tí ohun gbogbo á fi padà sí ipò rẹ̀ kí apá kọ̀ọ̀kan tó parí, nítorí pé àwọn tó ń náwó sí i mọ̀ pé àtúnfihàn ni èrè wọn yóò ti wá, wọ́n sì fẹ́ kí ó ṣeé fi hàn láìtò. Mo ronú lórí èyí títí. Àṣà ìdàrúdàpọ̀ yìí kò dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń to ètò nìkan. Ó wọ inú yàrá àwọn òǹkọ̀wé lọ, ó sì di pé ẹni inú eré kò gbọdọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ kankan, kò gbọdọ̀ ṣí kúrò nílé, ìjà àná kò sì gbọdọ̀ hàn lójú rẹ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ eré òde òní kì í ṣe irú ìyẹn mọ́. Ìtàn gígùn kan ṣoṣo ni wọ́n, tí a pín sí apá apá, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní apá kẹta sì ń bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní apá kẹwàá. Fíìmù náà kò sì wọ ọkọ̀ rìnrìn àjò mọ́: fáìlì ni gbogbo rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwáwí ojú ọ̀nà ti tán. Ohun tó ṣẹ́kù ni èrò àtijọ́ yẹn, pé ohun ìdíhò ni àtúnfihàn, àti pé ẹni tó ń wò ó ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Ibí yìí gan-an ni n kò ti gbà fún wọn. Ilé-iṣẹ́ ló ń tún un fi hàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tún un wò. Ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí eré náà kọ́kọ́ jáde, ẹni tí iṣẹ́ òru kò jẹ́ kó wo nǹkan kan ní ọdún yẹn, ẹni tí kò tíì ní tẹlifíṣàn nígbà náà, gbogbo wọn ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ ni, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin bí àwọn tó ṣáájú wọn.

Ohun tí mo ń béèrè kò ju agbára wọn lọ. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà sáà àti nọ́ńbà apá sí igun ojú tẹlifíṣàn nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe ya ìtàn alápá méjì kúrò lára ara wọn láé. Bí ìdí pàtàkì bá sì mú kí wọ́n fo apá kan, kí wọ́n sọ fún wa pé àwọn fò ó, nítorí pé ẹni tó bá mọ ibi tí àlàfo wà lè wá ọ̀nà láti dí i fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, lè ràn wá lọ́wọ́. Ojú ewé ètò amóhùnmáwòrán inú ìwé ìròyìn yín ń kọ orúkọ eré àti àkókò rẹ̀ nìkan. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ bá tún fi ètò ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n ní nọ́ńbà apá tí wọ́n fẹ́ fi hàn ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ eré náà. Èyí tí wọn kò bá sì dáhùn, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí gbogbo wa rí i.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan tó tún jẹ́ òǹwòran.