Àdùkẹ́, Ìsánlú ni mo wà

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ̀rín á pa ọ́ tó o bá rí i pé Ìsánlú ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ní ilẹ̀ Yàgbà tí bàbá yín máa ń ròyìn fún wa títí oorun á fi gbé wa lọ. Iṣẹ́ ló gbé mi dé ibí. Láti Ìlọrin la ti gba Òmù-Àrán, a sì kọjá ní Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ̀rù àwọn ajínigbé ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sókè nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo rí Titcombe College, ìwọ ni mo rántí: Kánádà tó o wà yẹn náà ni Titcombe, míṣọ́nárì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé náà, ti wá sí Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tí mo bá níbí ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Aránṣọ ni ọmọbìnrin tó ń darí wọn. Ọlọ́kadà wà láàárín wọn, tíṣà wà níbẹ̀, àgùnbánirọ̀ kan tí kì í ṣe Yorùbá náà wà níbẹ̀ tó ń kí tọmọdé tàgbà ní "Òkun o" bí ẹni tí wọ́n bí sí Yàgbà. Bí wọ́n ṣe dárúkọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ fún mi, àwọn tó máa ń tẹ̀ lé olóṣèlú kiri nítorí ìrẹsì ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn wọ̀nyí yàtọ̀.

Abúlé kan wà lẹ́yìn ìlú, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bóòhóòlù tó ń lo sólà wà fún wọn nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀, lára àwọn iṣẹ́ tí àwọn aṣòfin máa ń gbà fún agbègbè wọn. Òpó irin ló wà nílẹ̀, kò sí táńkì lórí ẹ̀, odò sì ni àwọn obìnrin ṣì ń pọn. Orí Tracka, ètò tí ẹgbẹ́ BudgIT fi ń ran ará ìlú lọ́wọ́ láti tọpa iṣẹ́ ìjọba, ni àwọn ọmọ yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ya fọ́tò òpó náà, wọ́n kọ ọjọ́ sí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ̀wé béèrè iye tí wọ́n san fún agbaṣẹ́ṣe. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2011 fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ ìjọba sì ní láti fi dáhùn.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó béèrè owó ọlọ́wọ́, Àdùkẹ́, wọ́n kọ́kọ́ ka tiwọn. Wọ́n ti dáwó jọ láàárín ara wọn àti lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Lọ́jọ́ ọjà, aránṣọ yìí dúró níwájú ìsọ̀ àwọn eléèlùbọ́, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó ń kà á sókè: ẹni tó mú wá, iye tó mú wá, owó fọ́tòkọ́pì, epo ọ̀kadà, títí dé orí píọ̀ wọ́tà. Ìyá kan ní kó dúró ná, pé kí ló dé tí wọ́n ra epo lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó ṣàlàyé pé àwọn lọ, àwọn ò bá olórí abúlé nílé, àwọn tún padà lọ. Ìyá bi ẹlòmíì bóyá òótọ́ ni, kó tó fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé lẹ́tà jáde, ìyá yẹn ló kọ́kọ́ tẹ̀ka. Àwa tí à ń ṣèpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó, ta ló ti ka iye tí a fi ṣe bánà sókè rí?

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn wọn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní ọ̀wẹ̀ ni àwọn fi la ọ̀nà nígbà tiwọn, àwọn ò kọ̀wé pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. A ṣì ń ṣọ̀wẹ̀. Owó gbogbo wa là ń béèrè." Bàbá ò gbà. Wọ́n ní tí bóòhóòlù yẹn bá dé tó sì bàjẹ́ lọ́dún kejì, ta ni yóò tún un ṣe? Kò sẹ́ni tó rí èsì fún wọn, mo sì rò pé ìbéèrè yẹn lágbára ju ìbínú wọn lọ.

Mo bi ọmọbìnrin náà bóyá yóò du ipò, nígbà tó jẹ́ pé láti 2018 ẹni ọdún 25 ti lè wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, tí gbogbo wa bá wọlé, ta ló máa wà níta tí á máa béèrè?" Ló bá padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó ẹnì kan wà nílẹ̀.

Ọjọ́ 7 ti kọjá, iléeṣẹ́ náà ò dáhùn. Òfin gbà wọ́n láyè láti lọ sílé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ 30, wọn ò sì ní lọ́yà. Àbúrò rẹ tó ń ṣe lọ́yà ní Lọ́kọ́ja, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Kò pọn dandan kó gba ẹjọ́ náà, kó ṣáà bá wọn wo ìwé wọn. Fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kó o sì bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́