Ẹ Má Yọ Obìnrin Náà Kúrò

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Láti 1940 ni Tom àti Jerry, ológbò àti eku inú fíìmù àwòrán ẹ̀fẹ̀, ti ń lé ara wọn kiri, àwọn ọmọ mi ṣì ń rẹ́rìn-ín títí di òní. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí bí obìnrin dúdú tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé náà bá yọ, tí a kì í sábà rí ojú rẹ̀. Ìran wa ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n fi obìnrin funfun rọ́pò rẹ̀ nínú díẹ̀ lára àwọn fíìmù náà lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ìyẹn gan-an ló burú jù lójú mi, torí ohùn Lillian Randolph, òṣèré dúdú tó ń sọ̀rọ̀ fún un, bá a lọ. Kí wọ́n máa fi hàn bó ṣe wà, kí àlàyé ṣáájú rẹ̀, kí ọmọ lè bi òbí léèrè.

Òbí kan, Ìbàdàn