Kí O Tó Lọ sí Zaria, Kọ́kọ́ Wá Sílé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìgbà mẹ́jọ ni mo pè ọ́ láti ọjọ́ Ẹtì, o kò gbé e, o kò sì pè mí padà. Nígbà tí o wà ní pólì, bí owó rẹ bá ti ń tán lọ ni a máa ń gbọ́ ohùn rẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Kérésìmesì ti kọjá, o kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ tí kò béèrè owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ mọ́ ti rí ohun mìíràn tí ó gbójú lé, mo sì ti gbọ́ ohun tí ó jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní Ìlọrin ni ó wálé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun ni ó sì fi ẹ̀rín sọ fún ìyá rẹ pé o ti fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wọ iṣẹ́ ológun, àti pé ìpè sí Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun, ni o ń retí báyìí. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ tán.

N kò fẹ́ bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí pé mo máa ń pariwo, ìwọ náà a sì máa sọ pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná. Awakọ̀ tí ó ń ná Ìlọrin ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ilé wà ní àlàáfíà: ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, a ti kan páànù ẹ̀yìnkùlé tí ìjì ṣí, orúnkún mi sì ń ṣe bí ó ti máa ń ṣe.

O mọ̀ pé orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo sọ ọ́. O ti rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri pálọ̀, a sì ti sọ fún ọ pé ogun Bìáfúrà ni ó pa á. Ìyẹn nìkan ni a sọ. Ṣé o rántí pé ìyá àgbà rẹ kò fi ẹnu wọn pe orúkọ náà rí? "Ọkọ mi" ni wọ́n ń pè ọ́ títí wọ́n fi kú, ìbáà jẹ́ níwájú àlejò, ìbáà jẹ́ nígbà tí inú bá ń bí wọn sí ọ. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, bí mo ti dá orúkọ náà, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn rò pé ẹkún ayọ̀ ni wọ́n lọ sun. Èmi ní tèmi rò pé mo ń san gbèsè kan.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà ti kọjá odò Ọya, wọ́n gba Benin, wọ́n sì dé Orè kí a tó dá wọn dúró. Ibẹ̀ ni "Ó le kú, ìjà Orè" ti wá, èyí tí ẹ̀yin fi ń ṣe àwàdà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, orí àwọn ọ̀dọ́ wú, nítorí pé Benjamin Adékúnlé, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú wa, ni ọ̀gágun tí gbogbo ẹnu ń dárúkọ. Iṣẹ́ télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́. Ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀, a parọ́ fún ìyá wa pé a ń lọ ra òwú, èmi àti òun sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìbàdàn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Akọ̀wé tí ó jókòó nídìí tábìlì béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò mọ irọ́ pa, ó bẹ̀rẹ̀ sí kólòlò. Èmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni mo na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀ tí mo sọ pé, "Mọ́kàndínlógún ni, sà." Akọ̀wé náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ológun tí kò ju bí 10,000 ènìyàn lọ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250,000 nígbà tí ogun parí, kò ní àyè láti máa wádìí ọjọ́ ìbí ọmọ télọ̀. Nígbà tí a jáde, ẹ̀gbọ́n mi ra búrẹ́dì tọ́rọ́ kan fún mi, mo sì jẹ ẹ́ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ láìbu fún un. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ èyí fún. Ìyá rẹ pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Ìwọ ńkọ́? O ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún, o kò wá ẹni tí yóò bá ọ parọ́ ọjọ́ orí, dídákẹ́ ni o fi pa tìrẹ. Irú ìwà wo nìyẹn sí ìyá tí ó ta gàrí àti ẹ̀wà kí o tó lè kàwé? Bí ó bá jẹ́ pé o wá jókòó níwájú mi tí o sọ ọ́, ǹ bá bínú, ǹ bá sì dárí jì ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè kọ̀wé. Ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ni ó ń bá a kọ lẹ́tà, láti Kàlàbá, lẹ́yìn náà láti Port Harcourt tí wọ́n gbà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, èmi ni mo sì ń kà á sókè fún ìyá wa. Nínú èyí tí ó kẹ́yìn, ó ní kí wọ́n bá òun kí "àbúrò mi tí ó mọ ìṣirò." Inú ìyá mi dùn, wọ́n rò pé ó ń yìn mí ni, wọ́n sì fi ẹran kan kún ọbẹ̀ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo jẹ ìyẹn náà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1968 ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi wà nínú wọn, wọ Owerri, àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà sì yí ìlú náà ká fún oṣù púpọ̀, títí ó fi di pé ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń já oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n jáde níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1969, ẹ̀gbọ́n mi kò sí nínú wọn. A kò rí òkú, a kò rí ibojì. Àwọn tí ó dojú ìbọn kọ náà ní ìyá, mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè gbàdúrà fún un láìrántí wọn. Ní ọdún náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí mo pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi lọ sí Èkó nítorí owó rẹ̀, àpò ìwé nìkan ni wọ́n gbé bọ̀. Nígbà tí ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, tí Gowon sọ pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun, ìyá mi pa rédíò, wọ́n ní, "Èmi ni a ṣẹ́gun."

Nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe gbé ìrántí àwọn ológun tó ti kú kúrò ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá wá sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní. Ọdọọdún ni mo ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n ṣe ń gbé òdòdó sílẹ̀, tí wọ́n ń fọn fèrè, tí wọ́n ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, n kì í sì í sọ̀rọ̀ títí tí wọn yóò fi ṣe tán. Ní èṣí, o jókòó tì mí, mo rò pé fóònù ni o ń tẹ̀. Ẹ̀rù tí ó ń bà mí nìyí: bóyá ìwọ náà ń wò ó, tí o rí aṣọ tí a lọ̀ dáadáa àti àwòrán ọkùnrin tí kò gbó rí, tí o kò sì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi nípa Owerri. Bóyá èmi náà ni mo tún na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ.

N kò sọ pé iṣẹ́ náà kò dára. Láti ọdún 2009 ni ọmọ ọlọ́mọ ti ń kú ní Borno kí àwa lè sùn, n kò sì lè fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn máa lọ kí tèmi jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kí o lọ. Èwo nínú méjèèjì ni òtítọ́, n kò mọ̀. Àwọn méjèèjì ni mo ń bá sùn lálaalẹ́. N kò ní ṣépè fún ọ bí o bá lọ. Ṣùgbọ́n má lọ láìjẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ.

Mo fi N5,000 sínú àpò ìwé yìí. Owó ọkọ̀ wálé ni, kì í ṣe owó ọkọ̀ Zaria.

Èmi ni,
Bàbá rẹ