Lẹ́tà sí Adéwálé nípa Mustang ọdún 1968

Indianapolis,
Ìpínlẹ̀ Indiana,
Amẹ́ríkà.

Adéwálé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìyàwó, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì tẹ́tí sí i kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi délẹ̀. O ní ọmọ bàbá kan ní Ìbàdàn fẹ́ ta Mustang, ọkọ̀ Ford, ti ọdún 1968 tí bàbá rẹ̀ kó bọ̀ láti Amẹ́ríkà nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé ọmọ náà rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n lu irú rẹ̀ ní gbàǹjo ní $3,400,000, àti pé láti ìgbà náà ni iye tó ń pè kò ti ṣeé gbọ́ sétí mọ́. O bi mí bóyá irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ rárá. Ṣùgbọ́n owó yẹn kì í ṣe owó Mustang 1968, ohun tí mo sì fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún ọ nìyí kí o tó kó owó tí o fi òógùn ojú rẹ kó jọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Kissimmee ní ìpínlẹ̀ Florida ni wọ́n ti ta ọkọ̀ tí ọmọ náà rí, ní ọjọ́ 10 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020. Òun gan-an ni òṣèré Steve McQueen wà nínú fíìmù kan ní 1968, tó ń sá eré àsápajúdé lórí àwọn òkè San Francisco. Ìdílé kan rà á ní $6,000 ní ọdún 1974, ìyàwó ilé sì ń wà á lọ sí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ní 1977, McQueen fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí wọn pé òun fẹ́ rà á padà, wọn kò gbà. Wọn kò tún un kùn láti ìgbà náà, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ti ṣá ni wọ́n gbé e dé gbàǹjo pẹ̀lú, ọ̀dà tó ti ṣá yẹn sì wà lára ohun tó gbé owó rẹ̀ lọ sókè, nítorí pé ẹ̀rí ni pé òun gan-an ni ọkọ̀ fíìmù náà. Mustang GT mìíràn tó ní irú ẹ́ńjìnì kan náà, ọdún kan náà, kì í dé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó yẹn. Bí o bá sì rí $3,740,000 níbòmíràn, má jẹ́ kí ó dà ọ́ láàmú: ẹni tó bá ra ọkọ̀ ní gbàǹjo yóò fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún àwọn tó lu gbàǹjo náà, àwọn kan a kà á mọ́ ọn, àwọn mìíràn kò ní kà á.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ní oṣù Èbìbí èṣí, ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ mú mi lọ sí gbàǹjo kan kí n lè bá a yẹ Chevrolet Chevelle SS 454 ọdún 1970 wò. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀ sọ pé ẹ́ńjìnì LS6 ni, èyí tó ní agbára ẹṣin 450, tí wọn kò sì ṣe ju 4,475 lọ. Wàhálà Chevelle ni pé nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀ kò sọ bóyá SS alágbára ni tàbí Malibu lásán: 13637 ni ti àwọn méjèèjì fi ń bẹ̀rẹ̀, Chevrolet kò sì ní àkọsílẹ̀ tí èèyàn lè lọ yẹ̀ wò lónìí. Ẹni tó bá ní Malibu, tó sì rí ẹ́ńjìnì ńlá rà, lè sọ ọ́ di SS láàárín oṣù mẹ́ta. Ohun tó kù láti fi mọ ojúlówó ni nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, àti bébà ilé-iṣẹ́ tí a máa ń bá lórí táǹkì epo tàbí lábẹ́ àga, bí eku kò bá tíì jẹ ẹ́.

Mo fi aṣọ rírọ̀ wé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan kí ó má baà ha ọ̀dà, mo sì ń gbé e kiri ara ọkọ̀ náà. Ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì, àmọ́ nígbà tó dé òkè táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ó já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níhìn-ín nígbà òjò dídì ti jẹ irin ibẹ̀ tán, panẹ́ẹ̀lì bítà sì ti fi ohun tí kì í ṣe irin dí i. Ìyẹn kò tíì burú jù. Níwájú ẹ́ńjìnì, lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ tọ́ọ̀pù sílíńdà, ojú irin pẹlẹbẹ kan wà. Mo fi àkísà nu gírísì kúrò lára rẹ̀, mo sì tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tí mo kà ni T0212CRR: T dúró fún Tonawanda ní New York níbi tí wọ́n ti to ẹ́ńjìnì náà, 0212 ni ọjọ́ 12 oṣù kejì, CRR sì ni LS6 tó ní gíà tó ń yí fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n o rántí bí ọ̀gá wa ní Ìbàdàn ṣe máa ń fi èékánná ha ojú nọ́ńbà kí ó tó dá oníbàárà lóhùn. Mo fi èékánná ha á, ojú irin náà sì ń yọ̀ bíi dígí, nígbà tó yẹ kí n fọwọ́ kan ìlà tín-ín-rín bí irun orí, tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ máa ń fi sílẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Mo bá wọ abẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn, nítòsí ibi tí ẹ́ńjìnì ti pàdé gíà, mo rí D 8 0 tó yọ sókè lára irin, èyí tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. D ni oṣù kẹrin. Irin tí wọ́n dà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 1970 ni ẹnì kan tẹ ọjọ́ oṣù kejì mọ́, bí ìgbà tí a bá sọ ọmọ lórúkọ ní oṣù méjì kí a tó bí i.

Mo sọ fún òṣìṣẹ́ tó dúró ti ọkọ̀ náà, ó ní ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ ni àwọn kọ sílẹ̀. Ọ̀gá mi, tó ti fẹ́ ná tó $60,000 lé e lórí, fà sẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin méjì ni wọ́n ń fi owó lé owó, títí wọ́n fi lù ú ní $68,000, èyí tó di $74,800 nígbà tí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá lé e. Inú mi bàjẹ́ gidigidi fún ẹni tó rà á. Lónìí, ẹni tó bá ka iye yẹn nínú àkọsílẹ̀ yóò rò pé owó LS6 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó kéré fún ojúlówó, ó sì ti pọ̀ jù fún ayédèrú. Owó ìjà ọkùnrin méjì ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Bí o bá sì rí iye kan tí wọ́n kọ sí i pé ọkọ̀ kò tà, má kà á rárá: iye tí ẹni tó ni ín kọ̀ ni.

Kí n tún sọ ti ọ̀wọ́n. Plymouth Hemi Cuda ọdún 1971 tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká, 11 péré ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ta ọ̀kan ní Seattle ní oṣù Òkúdù 2014 ní $3,500,000. Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ fẹ́ kí ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ́ńjìnì Hemi náà wọ́n, owó ìdójútòfò fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti ga débi pé àwọn ọ̀dọ́ kò lè san án, nítorí náà ọ̀pọ̀ kò rà á nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun.

Ó ku ọkọ̀ ti Ìbàdàn. Ford dára ju Chevelle lọ lórí èyí, nítorí nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, àkọsílẹ̀ wọn láti ọdún 1967 sì ṣì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Marti níhìn-ín, tí wọn yóò fi sọ ohun tí ọkọ̀ náà ní lára lọ́jọ́ tó jáde. Ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, kí o wo irin inú lápá òsì, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí férémù òkè táyà ti wá dè mọ́ ọn. Wọ́n tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Nọ́ńbà ti McQueen ni 8R02S125559: 8 ni ọdún 1968, R ni ilé-iṣẹ́ San Jose, 02 ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ da gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, S sì ni ẹ́ńjìnì ńlá 390. Bí àmì karùn-ún nínú nọ́ńbà ọkọ̀ bàbá náà bá jẹ́ T, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà ni wọ́n bí i mọ́, bó ti wù kí èyí tó wà nínú rẹ̀ lónìí tóbi tó. Bó bá jẹ́ C, ẹ́ńjìnì 289 tó kéré sí 390 ni. Má fi bébà yanrìn ha nọ́ńbà náà, epo bẹntiróòlù díẹ̀ àti àkísà ti tó. Ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè gbé ìlà inú rẹ̀ jáde, kí o tún ya abẹ́ ọkọ̀ àti ìwé ìrìnnà tí bàbá náà fi kó o wọlé ní Apapa, bó bá ṣì wà nínú àpótí wọn. Má tíì dá a lóhùn lórí iye kankan. Bí S bá ni àmì karùn-ún, pè mí lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá jẹ́ òru ni ó bá mi níhìn-ín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Olúṣọlá